Nígbà Tí Ọkọ Tàbí Aya Yín Tó Ní Àrùn Alzheimer Bá Ń Rù

Aṣọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣòkòtò tó ń bá bàbá mu tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí, ìró màmá á yí ìdí po ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òrùka á máa bọ́ sínú omi ìfọwọ́. Àwọn àlejò á ní ogbó ló dé, pé kò sí ẹni tó ń ṣarán tí kì í gbẹ. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé.

Òótọ́ ni pé Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, lè mú ara jò fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn nílùú Ìbàdàn ní 1992, wọ́n sì rí i pé ara tó ń fúyẹ́ sí i àti àrùn ìgbàgbé jọ ń rìn, kódà kí àrùn náà tó fojú hàn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń mú aláìsàn yìí rù ló ní àtúnṣe: eyín tó ń ro ó, oògùn tó ń mú kí inú máa rìn ín, abọ́ tí kò jẹ́ kó rí oúnjẹ, ariwo tó gba ọkàn rẹ̀ nídìí tábìlì. Èmi náà tọ́jú bàbá àwọn ọmọ mi nílé nínú àìsàn yìí. Ohun tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ni pé kó yé bá aláìsàn jà lórí oúnjẹ, kó wá ibi tí ọ̀nà ti dí láàárín abọ́ àti ikùn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹni tí ẹ ń rí lójoojúmọ́ lè rù níṣojú yín kí ẹ má mọ̀. Bí ẹ bá ní ìwọ̀n tí wọ́n ń gùn, ẹ jẹ́ kó gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tán tí kò sì tíì jẹun. Ká ní kílò 60 ni tẹ́lẹ̀: bí kílò 3 bá lọ láàárín oṣù kan, tàbí kílò 6 láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín ní kílíníìkì, ẹ lọ rí dókítà.

Bí kò bá lè dúró lórí ìwọ̀n, ẹ mú téèpù tí àwọn aránṣọ ń lò, kí ẹ fi yí apá rẹ̀ ká ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá. Bí ó bá dín sí sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ti rù jù. Apá kan náà ni kí ẹ máa wọ̀n lóṣooṣù.

Ẹ wá ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ nǹkan wọ̀nyí sí: ohun tó jẹ, aago tó jẹ ẹ́, bóyá ó jẹ ẹ́ tán tàbí ìlàjì tàbí díẹ̀, iye omi tó mu, ìgbà tó yàgbẹ́, ìgbà tó wúkọ́ nídìí oúnjẹ. Dókítà máa nílò rẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà. Ẹni tó ní Alzheimer lè jẹun tán láago mẹ́jọ kí ó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ tó wá kí i láago mẹ́sàn-án pé láti àná ni wọn kò ti fún òun ní nǹkan kan. Ó gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyàwó tí àwọn ará ilé ọkọ pè ní òǹrorò nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni kì í rí oorun sùn. Ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan nínú wọn wá lo ọjọ́ méjì nídìí oúnjẹ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹnu rẹ̀, ilé ìwòsàn, àti àpò oògùn

Ẹni tó ní àrùn yìí kì í sábà lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ó lè máa ti ṣíbí dà nù nítorí pé eyín ń ro ó, kí ará ilé máa pè é ní olóríkunkun. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu rẹ̀. Ṣé egbò wà níbẹ̀? Ṣé nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ahọ́n bíi wàrà? Ṣé eyín ti jẹrà, àbí oúnjẹ àná ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́? Bó bá jẹ́ eyín àtọwọ́dá ló ń lò, bí ara bá ti rù, eyín náà kì í bá èrìgì mu mọ́, á máa yọ̀, á sì máa ta á.

Nílé ìwòsàn, ẹ bi wọ́n léèrè nípa àtọ̀gbẹ, àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, àkóràn inú ìtọ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Gbogbo wọn ló lè mú èèyàn gbẹ, tí àwọn èèyàn á sì di gbogbo rẹ̀ ru Alzheimer. Ẹ sọ nípa ìgbẹ́ náà, nítorí ẹni tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kò lè fẹ́ oúnjẹ. Ẹni tó wà nítòsí Ìbàdàn lè lọ sí ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè nínú ọgbà UCH, ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró l'Abẹ́òkúta àti èyí tó wà ní Yábàá l'Ékòó náà mọ àìsàn yìí.

Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e dání lọ. Donepezil àti rivastigmine, tí wọ́n sábà máa ń kọ fún àwọn tó ní Alzheimer, lè mú kí oúnjẹ má wu èèyàn jẹ, kó máa bì, kó máa yàgbẹ́ gbuuru. Metformin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró. Dókítà lè dín in kù, ó lè yí àkókò rẹ̀ padà, ó sì lè fi rivastigmine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara rọ́pò èyí tí wọ́n ń gbé mì, nítorí kì í da inú rú tó ti oníhóró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún omi oògùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún àwọn tó fẹ́ sanra. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí cyproheptadine níbẹ̀, ẹ má fún un. Ó ń mú kí àgbàlagbà máa tòògbé, ó lè gbé e ṣubú, ó sì ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé. Mo tún bẹ̀ yín nítorí àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ: kò sí àǹfààní tó ń ṣe fún ẹni yìí tó tó ewu tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo oúnjẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ jókòó tì í, kí ẹ má ràn án lọ́wọ́, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ kàn máa wò. Bó bá ń wo oúnjẹ láìfọwọ́ kàn án, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ló ti gbàgbé. Òkèlè àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi sí i lọ́wọ́ lè tó kó máa bá a lọ. Bó bá jẹ díẹ̀ tó dìde, nǹkan kan ló fa ojú rẹ̀ lọ. Bó bá ń yí ṣíbí po tó ń wò ó, ṣíbí ló ti ṣàjèjì sí i, oúnjẹ kọ́. Bó bá jẹ apá kan abọ́ tó fi apá kejì sílẹ̀, ẹ yí abọ́ náà kí apá tó kù bọ́ síwájú rẹ̀. Bó bá ń jẹ lẹ́nu láìgbé mì, tàbí tó ń wúkọ́, ẹ lọ ka Ìgbésẹ̀ 7 lónìí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún ìdí oúnjẹ ṣe

Ojú aláìsàn yìí lè dára kí ọpọlọ rẹ̀ má sì yà nǹkan funfun sọ́tọ̀ lára funfun. Iyán nínú abọ́ funfun lórí aṣọ tábìlì funfun lè má sí níbẹ̀ rárá lójú rẹ̀. Àmàlà nínú abọ́ dúdú náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ní Boston ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2004: wọ́n fi abọ́ àti ife pupa fòò rọ́pò funfun fún àwọn tí Alzheimer wọn ti le, oúnjẹ tí wọ́n jẹ sì fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ohun tí wọ́n mu fi ìdá 84 pọ̀ sí i. Abọ́ ike pupa tàbí búlúù tí kò ní òdòdó lára wà lọ́jà, kò wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, nítorí ọjọ́ kan náà ni ẹ ó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé oúnjẹ kan síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kó ìgò ata, fóònù àti páálí oògùn kúrò lórí tábìlì. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún nítòsí, ẹ ti fèrèsé apá ibẹ̀. Kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa.

Kí oúnjẹ tó dé, ẹ gbé omi ìfọwọ́ síwájú rẹ̀. Láti kékeré ni ara rẹ̀ ti mọ̀ pé bí a bá ti fọwọ́, oúnjẹ ló kàn. Àṣà yẹn máa ń pẹ́ lára ju orúkọ àwọn ọmọ lọ. Ẹ sì jẹ́ kó fi ọwọ́ jẹun bó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọwọ́ a máa rántí òkèlè nígbà tí fọ́ọ̀kì ti di ìṣòro. Lẹ́yìn náà, ẹ bu tiyín, kí ẹ jọ jẹ. Àgbàlagbà tó mọyì ara rẹ̀ kì í fẹ́ jẹun kí ẹnì kan dúró tì í kó máa wò ó lẹ́nu, àti pé bó ṣe ń rí yín tí ẹ ń gbé òkèlè lọ sẹ́nu ni òun náà á máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yí àkókò padà

Òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹun dáadáa jù, tí ọkàn wọn ṣì balẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ sílé, bẹ́ẹ̀ inú ilé wọn ni wọ́n wà. Nítorí náà, ẹ gbé oúnjẹ tó lágbára jù sí òwúrọ̀. Bó bá jẹ́ àmàlà ló fẹ́ láago méje àárọ̀, ẹ fún un.

Ẹ pín oúnjẹ ọjọ́ kan sí ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Abọ́ tó kún dẹ́múdẹ́mú lè mú un láyà, kó sì kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò lè jókòó, tó ń rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀, ń jó ohun tó jẹ dà nù; ẹ fún un ní ohun tó lè mú lọ́wọ́ rìn: àkàrà, mọ́ínmọ́ín tí ẹ gé wẹ́wẹ́, dòdò, dùndú, ẹyin bíbọ̀ tí ẹ là sí mẹ́rin, wàrà tí ẹ dín, búrẹ́dì tí ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ kùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Kí díẹ̀ tó jẹ lágbára

Ẹ̀kọ mímu tó ṣàn ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń sáré sí bí aláìsàn kò bá jẹun. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ń kún ikùn, kò sì fún ara ní nǹkan tó pọ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mú un lágbára ni. Ẹ po ògì náà kó ki, kí ẹ da ṣíbí ńlá méjì tàbí mẹ́ta ìyẹ̀fun wàrà sí i, kí ẹ fi ẹ̀pà tí ẹ lọ̀ kúnná tàbí ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà sí i kí ẹ tó gbé e kúrò lórí iná. Bó bá fẹ́ràn adùn, oyin díẹ̀. Ìfẹ́ adùn a máa pọ̀ sí i lára àwọn tó ní àrùn yìí, àwọn tó kórìíra ṣúgà tẹ́lẹ̀ náà á máa béèrè rẹ̀, ẹ sì lè fi ìyẹn fa oúnjẹ mìíràn wọlé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa tí ẹ fi ẹ̀wà rírọ̀ sí, bí àpẹẹrẹ.

Ṣíbí ńlá kan epo pupa tàbí òróró ń fún ara ní nǹkan bíi kálórì 120 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ). Ẹyin kan jẹ́ nǹkan bíi 70. Nítorí náà, ṣíbí epo kan tí ẹ rò mọ́ ẹ̀wà, ẹyin tí ẹ fọ́ sínú ọbẹ̀ kó tó jinná, ẹ̀gúsí tí ẹ fi kún ẹ̀fọ́, edé àti ẹja gbígbẹ tí ẹ gún kúnná sínú ewédú, gbogbo ìwọ̀nyí ń fi agbára kún òkèlè márùn-ún láìsọ wọ́n di mẹ́wàá. Ata rodo ni kí ẹ dín kù bí ẹnu rẹ̀ bá ní egbò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òórùn àti adùn oúnjẹ kì í tètè tọ̀ ọ́ lọ mọ́, irú tàbí ẹ̀fìrín lè jí ìfẹ́ oúnjẹ rẹ̀.

Bó bá ní àtọ̀gbẹ, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi kún oúnjẹ rẹ̀ fún dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá òfin oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún un nígbà tí ara rẹ̀ le ṣì yẹ. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń sá fún ẹyin àti epo nítorí ìmọ̀ràn ọdún pípẹ́ nígbà tí aláìsàn ti di eegun.

Omi ńkọ́? Ẹ máa gbé e fún un ní díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dálẹ́, ẹ má dúró kí òùngbẹ gbẹ ẹ́, nítorí ó lè má mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló dára jù, kí omi má baà gba àyè oúnjẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ààwẹ̀ kún ìṣòro yìí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀ Ramadan. Bí àwọn kan bá ní àwọn ará ayé ló wà nídìí àìsàn náà, tí wọ́n ní kí ẹ gbé e lọ gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ lórí òkè, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ara wọn le gbà á fún un. Ara tó ti rù kò ní ohun tí yóò fi gbààwẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹ bá ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu

Púpọ̀ nínú wa ló rí bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń rọ ọmọ: wọ́n á gbé ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i. Ẹ má rọ ọkọ tàbí aya yín láéláé. Oúnjẹ náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà tó ń tìdí rẹ̀ yọ sì wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ní àrùn yìí jù lọ. Ẹ̀rù tí ẹ dá sí i lọ́kàn á sì mú kó kọ oúnjẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kó jókòó ní ìnàró, ẹsẹ̀ nílẹ̀, àgbọ̀n kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ ní ìpele ojú rẹ̀, ẹ má dúró lé e lórí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì lè gbé nǹkan, ẹ fi òkèlè sí i lọ́wọ́, kí ẹ fi ọwọ́ tiyín gbé tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ jọ gbé e dé ẹnu. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún un: "Ẹ̀fọ́ rírò rè é o, ẹja wà nínú rẹ̀." Ẹ dúró kó gbé e mì kí ẹ tó fi òmíràn kún un, ẹ wo gògóńgò rẹ̀, ẹ ó rí i tó gòkè tó sì sọ̀. Oúnjẹ kan lè gba ìṣẹ́jú 40. Bó bá yí orí kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé abọ́ kúrò, kí ẹ tún padà wá lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn tó bá jẹun tán, kó ṣì jókòó fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì fọ ẹnu rẹ̀.

Ohun tó lómi tó tún ní kókó nínú ló léwu jù fún ẹni tí kò gbé nǹkan mì dáadáa mọ́. Gaàrí tí a rẹ tí a sì da ẹ̀pà sí wà lára wọn. Ẹ pa á tì. Ẹ yọ egungun ẹja pátápátá, kí ẹ ṣe òkèlè kéékèèké, nítorí a kì í rún òkèlè lẹ́nu ká tó gbé e mì. Bó bá ń wúkọ́ nígbà tó ń jẹun tàbí tí omi ń pá a lórí, bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí ibà ń ṣe é lemọ́lemọ́, ẹ ní kí ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó súnmọ́ yín yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Wọ́n á sọ bóyá kí ẹ máa po ohun mímu rẹ̀ kó ki. Bó bá há a lọ́fun tí kò lè mí, tàbí tí kò gbé ohunkóhun mì látàárọ̀ dálẹ́, ẹ gbé e lọ ní kíá.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ̀yin náà

Ẹ pín iṣẹ́ náà. Kí ọmọ kan mú oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí èyí tó wà lókè òkun máa san owó ẹni tó ń wá ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹun tiyín kí ebi tó pa yín jù. Ebi àti ìbínú kì í jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ nídìí ṣíbí.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ nípa ìparí kó tó dé

Nígbà tí àrùn náà bá ti jinlẹ̀, tí kò lè rìn tí kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó lè máa jẹun díẹ̀ gan-an bí ẹ bá tiẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó wà lókè yìí. Wọ́n lè bi yín bóyá kí wọ́n ki rọ́bà oúnjẹ gba imú tàbí ikùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà sọ ní 2014 pé àwọn kò gbà á níyànjú fún ẹni tí àrùn ìgbàgbé rẹ̀ ti dé ìpele yìí: kì í mú ẹ̀mí gùn, kì í dènà òtútù àyà, ó sì ń mú kí wọ́n máa so ọwọ́ aláìsàn mọ́lẹ̀ kó má baà fà á yọ. Ọwọ́ ni wọ́n ní kí a máa fi bọ́ ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìwọ̀nba tó bá fẹ́, nítorí ìtura rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Kì í ṣe ebi ni ẹ fi pa á.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wọ wọ́ọ̀dù láàárín òru kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ pe àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò rẹ̀ jọ nígbà tí ara ṣì rọ̀. Ẹ bi wọ́n ohun tó máa ń sọ nípa irú nǹkan báyìí kí ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ẹ kọ ohun tí gbogbo yín bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí ẹ fún dókítà rẹ̀ ní ẹ̀dà kan, kí ẹ fi èkejì sínú fáìlì tí ẹ máa ń gbé lọ sílé ìwòsàn.